Inú Tó Ń Run Ọmọ Láràárọ̀ Ọjọ́ Ilé-Ìwé

Bí ọmọ bá ti ń sọ pé inú ń run òun ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ ilé-ìwé, gaàrí la kọ́kọ́ máa ń bá wí ní Ìjẹ̀bú níbí. A ó ní ó kan jù, ṣúgà ti pọ̀ nínú rẹ̀, jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ìyá á ra oògùn aràn. Bí kò bá lọ, ó di táífọ́ọ̀dù. Nígbà tí dókítà bá wá yẹ ọmọ wò tí kò rí nǹkan kan, ọ̀rọ̀ á yí padà: "Irọ́ ló ń pa jàre, ìwé ni kò fẹ́ kà."

Kì í ṣe irọ́. Functional abdominal pain ni àwọn dókítà ń pè é: inú ń run ọmọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ọgbẹ́, kò sí aràn, kò sí ohun tó bàjẹ́ tí àyẹ̀wò lè fi hàn. Lọ́dún 1958, John Apley àti Nora Naish wádìí ọmọ ilé-ìwé 1,000 nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nǹkan bí ọmọ 1 nínú 10 ló ní inú rírun tó ń lọ tó ń bọ̀.

Ẹ̀rù àti àìbalẹ̀ ọkàn wà lára ohun tó máa ń fà á. Báwo ni ẹ̀rù ṣe ń di inú rírun? Ìfun ní iṣan ìmọ̀lára tirẹ̀, sẹ́ẹ̀lì wọn ju mílíọ̀nù 100 lọ, wọ́n sì ń bá ọpọlọ sọ̀rọ̀ tọ̀sán-tòru. Bí àyà èèyàn bá já, ọpọlọ á ránṣẹ́ sísàlẹ̀, ìfun á fún pọ̀ tàbí kó máa sáré ju bó ṣe yẹ. Ẹni tó ti jókòó ìdánwò rí mọ ohun tí mò ń wí: ìgbẹ́ tó ń gbọ̀n èèyàn láàárọ̀ WAEC kì í ṣe ti oúnjẹ àná. Ti àwọn ọmọ wọ̀nyí tún le sí i. Iṣan inú wọn ti di ajá tó ń gbó gbogbo ẹni tó bá kọjá, títí kan ọmọ onílé. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ nínú ìfun, tí ẹlòmíì ò ní mọ̀ lára, ìrora gidi ni fún wọn. Ìrora á dá kún ẹ̀rù, ẹ̀rù á dá kún ìrora.

Kò sì pọn dandan kó jẹ́ pé ẹ̀rù ló kọ́kọ́ dé. Ọmọ mìíràn lè ti ṣu gbuuru nígbà kan, kí ara rẹ̀ yá, kí iṣan inú má sì balẹ̀ mọ́. Ó wá ń bẹ̀rù pé kí ìgbẹ́ má lọ gbọ̀n òun nínú kíláàsì. Ọmọ mìíràn, olùkọ́ tó ń na pàṣán ni, tàbí ìjà bàbá àti ìyá. Àwọn tó ti bàlágà kì í sábà sọ pé ẹ̀rù ń ba àwọn. Wọn ò ní sùn dáadáa, inú á máa tètè bí wọn, wọn ò ní fẹ́ jẹun.

Àmọ́ kí a má tìtorí èyí pa àyẹ̀wò tì o. Bí ọmọ bá ń rù, tí ẹ̀jẹ̀ ń bá ìgbẹ́ rẹ̀ jáde, tó ń bì nǹkan aláwọ̀ ewé, tí ibà ò lọ, tí ìrora ń jí i lójú oorun, tàbí tó jẹ́ ìsàlẹ̀ inú lápá ọ̀tún ló ń dùn ún, ẹ má pè é ní àìbalẹ̀ ọkàn; ẹ gbé e lọ sílé-ìwòsàn kíá. Ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá jẹ́ SS (sickle cell) náà, ẹ má fi tirẹ̀ jáfara.

Bí àyẹ̀wò bá ti mọ́, ìtọ́jú tó ti ran ọ̀pọ̀ ọmọ lọ́wọ́ ni CBT (cognitive behavioural therapy): onímọ̀ á jókòó ti ọmọ, á kọ́ ọ bó ṣe lè dá èrò tó ń já a láyà mọ̀, bó ṣe lè mí kanlẹ̀ jẹ́jẹ́. Ẹ lè béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ dókítà àwọn ọmọdé nílé-ìwòsàn Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbánjọ ní Ṣàgámù, tàbí ti Babcock ní Ìlíṣàn. Nílé, ẹ yéé bi í léèrè ní wákàtí-wákàtí pé "ṣé inú ń run ọ́?" Ìbéèrè yẹn gan-an ń mú kó máa fetí sí inú rẹ̀. Ẹ bá a sọ nǹkan mìíràn. Bó bá sì ti pẹ́ nílé, ẹ bá olùkọ́ rẹ̀ sọ ọ́ kó kọ́kọ́ máa lo ààbọ̀ ọjọ́ ní ilé-ìwé, kí wọ́n sì jẹ́ kó lè jáde lọ sílé ìyàgbẹ́ láìkọ́kọ́ nawọ́.