Ta Ló Kọ́kọ́ Yẹ Ọkàn Ẹni Tó Fẹ́ Di Fadá Wò?

Bí ọ̀dọ́mọkùnrin Kátólíìkì bá ní òun fẹ́ di Fadá, lẹ́tà Fadá ìjọ rẹ̀, ìwé ìrìbọmi àti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò tó mọ́ ní ọ̀pọ̀ ibi. Wọ́n á tún ní kó lọ jókòó níwájú onímọ̀ ìhùwàsí.

Amẹ́ríkà ni àṣà yìí ti ta gbòǹgbò. Ní 1936, Thomas Verner Moore, Fadá tó tún jẹ́ dókítà ọpọlọ, tẹ ìwádìí jáde lórí àwọn Fadá àti Sísítà tó wà nílé ìwòsàn ọpọlọ. Ó ní àrùn náà ti ń rú lára àwọn kan kí wọ́n tó wọlé rárá. Ó dábàá pé kí wọ́n máa yẹ èèyàn wò lẹ́nu ọ̀nà.

Kí ni wọ́n máa fi yẹ̀ wọ́n wò báyìí? Ní 1943, Hathaway àti McKinley gbé MMPI, ìdánwò ìhùwàsí àti àìsàn ọpọlọ, jáde ní Yunifásítì Minnesota: gbólóhùn 550, ìdáhùn rẹ̀ ò ju “òótọ́” tàbí “irọ́” lọ. Ilé ìwòsàn ni wọ́n rán aṣọ yìí fún, wọ́n wá gbé e wọ ọmọ sẹ́mínárì. Nígbà tí William Bier, Jésúìtì, fi máàkì wọn wé ti àwọn tó ń kọ́ òfin àti ìṣègùn ní 1948, tiwọn ló yà kúrò ní ti gbogbo èèyàn jù. Ó wá tún ìdánwò náà tò kó lè bá wọn mu.

Ẹ wo òṣùwọ̀n L nínú MMPI, gbólóhùn 15 tí wọ́n fi ń mú ẹni tó ń ṣe bí ẹni mímọ́. Ọ̀kan ní, “Inú máa ń bí mi nígbà mìíràn.” Ẹni tó bá kọ “irọ́” gba máàkì kan. Ẹni tó ti ń fi àdúrà kápá ìbínú láti kékeré lè kọ ọ́ láìpurọ́. Ayẹniwò tí kò mọ ilé ìsìn á ní ó ń tanni. Ẹlòmíràn sì wà tó ń dán ara rẹ̀ bí àwo nítorí kí wọ́n lè gbà á: L àti K, òṣùwọ̀n mìíràn tó ń mú ẹni tó ń bo àléébù rẹ̀, á ga, òṣùwọ̀n àìsàn á wálẹ̀. Èyí ò sọ pé ara rẹ̀ yá o. Ó kù kí ayẹniwò fi ọ̀rọ̀ ẹnu wádìí rẹ̀.

Róòmù kọ́kọ́ fura. Ní 1961, wọ́n bẹnu àtẹ́ lu àwọn tó ní dandan ni àyẹ̀wò irú ti Freud, dókítà tó dá ìtúpalẹ̀ ọkàn sílẹ̀, kí èèyàn tó joyè àlùfáà. Ní 1967, Póòpù Paul Kẹfà fàyè gba dókítà àti onímọ̀ ìhùwàsí. Ìlànà tí Róòmù gbé jáde ní 2008 ló là á yékéyéké: onímọ̀ náà kò gbọdọ̀ sí lára àwọn olùtọ́ni sẹ́mínárì, ọmọ náà gbọ́dọ̀ fọwọ́ síwèé kí èsì tó dé ọwọ́ wọn. Bó bá kọ̀, wọn ò gbọdọ̀ fipá mú un. Ohun tí wọ́n ti mọ̀ nípa rẹ̀ ni wọ́n á fi ṣèpinnu.