Ohun tí ìdárayá ń ṣe fún ẹ̀jẹ̀ ríru tí òṣùwọ̀n kì í rí

Nínú bọ́ọ̀sì alájà méjì kan náà ni àwọn méjèèjì ti ń ṣiṣẹ́ nílùú London. Dírẹ́bà á jókòó sídìí ọkọ̀ láàárọ̀, ó di ìgbà tí iṣẹ́ bá fẹ́ẹ̀ parí kó tó dìde dáadáa. Kọ̀ńdọ́kítọ̀ kò rí àyè ìjókòó ní tirẹ̀. Bó ṣe ń gun òkè ọkọ̀ ló ń sọ̀ kalẹ̀, tó ń gba owó, tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì, ọgọ́rọ̀ọ̀rún àtẹ̀gùn lójúmọ́. Ní ọdún 1953, Dókítà Jerry Morris àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àbájáde ìwádìí wọn jáde pé àrùn ọkàn ń mú àwọn dírẹ́bà ju àwọn kọ̀ńdọ́kítọ̀ lọ. Ojú ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń tọ̀, èéfín kan náà ni wọ́n ń fà símú.

Ó ṣeé ṣe kéèyàn sọ pé bóyá àwọn dírẹ́bà ló kàn sanra jù. Morris náà rò ó bẹ́ẹ̀. Ó lọ yẹ ìwọ̀n ìbàdí ṣòkòtò iṣẹ́ tí wọ́n rán fún wọn wò, ó sì rí i pé lóòótọ́ ni ìbàdí àwọn dírẹ́bà tóbi ju ti àwọn kọ̀ńdọ́kítọ̀ lọ. Àmọ́ nígbà tó fi pẹ́lẹ́ńgẹ́ wé pẹ́lẹ́ńgẹ́, tó fi sísanra wé sísanra, ikú òjijì láti ọ̀dọ̀ ọkàn ṣì ń mú àwọn dírẹ́bà jù. Ó yẹ kí ọ̀pọ̀ ará ìlú ńlá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, àwọn tó fi odindi oṣù kan rìn, tí wọ́n gun òṣùwọ̀n, tí wọn kò rí ìyàtọ̀, tí wọ́n sì pa ìdárayá tì. Òótọ́ ni pé sísanra ń gbé ẹ̀jẹ̀ sókè. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ìdárayá ń gbà fà á wálẹ̀ pọ̀ ju èyí tí òṣùwọ̀n lè fi hàn lọ.

Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní bíìpíì, ni agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ara iṣan tó ń gbé e kiri. Nọ́ńbà méjì ló máa ń ní nítorí pé ọkàn ń fún ẹ̀jẹ̀ jáde, ó sì ń sinmi. Nígbà tó bá fún un, tí ẹ̀jẹ̀ rọ́ wọ inú iṣan, nọ́ńbà òkè nìyẹn. Nígbà tó bá dẹ̀ kó lè gba òmíràn, ti ìsàlẹ̀ nìyẹn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní bí ti òkè bá tó 140, tàbí tí ti ìsàlẹ̀ tó 90, ní ọjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru ti dé. Àwọn onímọ̀ nípa àrùn ọkàn ní Amẹ́ríkà ti fà á wálẹ̀ sí 130 lórí 80 láti ọdún 2017.

Nǹkan méjì ló ń pinnu bí nọ́ńbà yìí ṣe máa ga tó: iye ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń fún jáde ní ìṣẹ́jú kan, àti bí ojú àwọn iṣan kéékèèké ṣe fẹ̀ tó. Èkejì yìí lágbára ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Bí ojú iṣan bá fún kù sí ìdajì, kì í ṣe ìlọ́po méjì ni ìdènà tí ẹ̀jẹ̀ máa bá pàdé níbẹ̀, ìlọ́po 16 ni. Òmíràn nínú àwọn iṣan wọ̀nyí kò nípọn tó fọ́nrán irun kan.

Ọ̀rá ara kì í ṣe ẹrù lásán tí èèyàn kàn ń gbé kiri. Ó fẹ́ jẹun, ẹ̀jẹ̀ ló sì ń gbé oúnjẹ lọ bá a, nítorí náà ọkàn gbọ́dọ̀ fún ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ sí i jáde. Ti inú ikùn ló burú jù. Ó máa ń rọ̀gbà yí kíndìnrín ká, á máa tẹ̀ ẹ́, kíndìnrín á wá máa dá iyọ̀ àti omi tó yẹ kó bá ìtọ̀ lọ dúró sínú ara. Ọ̀rá yìí kan náà ń tú àwọn èròjà tó ń mú kí iṣan sún kì sínú ẹ̀jẹ̀. Tó bá tún di òru, ọ̀rá ọrùn á fún ọ̀nà èémí pa. Ẹni náà ń hanrun lọ, èémí á dá wáí, ọpọlọ á ta gìrì, ìfúnpá á fò sókè, irú rẹ̀ á sì máa ṣẹlẹ̀ léraléra títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí èèyàn bá jò, nọ́ńbà òkè sábà máa ń lọ sílẹ̀ ní nǹkan bí ẹyọ kan fún kílò kọ̀ọ̀kan. Fún ikùn, okùn ìwọ̀n tí télọ̀ ń lò wúlò ju òṣùwọ̀n lọ: ó dára kí àyíká ìbàdí má tó ìdajì gíga ẹni.

Ìdárayá wá ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká wo ẹni kan tó ń rìn kánmọ́kánmọ́. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, nọ́ńbà òkè á gun òkè dáadáa, èyí sì máa ń já àwọn tó bá wọn ìfúnpá wọn lákòókò yẹn láyà. Kò yẹ kó jẹ́ bẹ́ẹ̀. Itan ló ń béèrè ẹ̀jẹ̀, ọkàn sì ń dá a lóhùn. Àwọn iṣan inú itan ti ṣí sílẹ̀ gbayawu, ìyẹn ni nọ́ńbà ìsàlẹ̀ kì í fi í yẹ̀ púpọ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sáré kọjá, ó ń fara ra awọ inú iṣan, awọ náà á sì tú afẹ́fẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní nitric oxide jáde. Iṣẹ́ tí afẹ́fẹ́ yìí ń jẹ́ fún ara iṣan ni pé kó dẹ̀. Robert Furchgott, Louis Ignarro àti Ferid Murad gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1998 nítorí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lórí rẹ̀.

Lẹ́yìn tó bá dúró ni ohun tó dùn mọ́ni jù máa ń ṣẹlẹ̀. Ìfúnpá kì í kàn padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀, ó máa ń lọ sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, pàápàá lára ẹni tí tirẹ̀ ga, ó sì lè wà níbẹ̀ fún wákàtí púpọ̀, nígbà mìíràn títí di ọjọ́ kejì. Ẹni tó bá tún rìn lọ́jọ́ kejì ti so ìsinmi tọjọ́ yìí mọ́ tàná. Bí ọ̀sẹ̀ bá ti ń gorí ọ̀sẹ̀, ọkàn á le sí i, á máa lù díẹ̀ sí i láti ṣe iṣẹ́ kan náà, àwọn iṣan náà á sì rọ̀. Lára ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ìdárayá déédéé sábà máa ń mú nǹkan bí 5 sí 8 kúrò lára nọ́ńbà òkè.

Kò sí ọ̀kan nínú gbogbo èyí tó ń dúró de òṣùwọ̀n. Ìrìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kì í jó ju nǹkan bí 150 kálórì lára ọ̀pọ̀ èèyàn, oúnjẹ díẹ̀ sì ti dá a padà. Èèyàn lè wọn kílò kan náà fún oṣù méjì kí iṣan rẹ̀ ti máa ṣí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó dun èèyàn pé ibi tí iṣẹ́ ti ń lọ lábẹ́lẹ̀ yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń juwọ́ sílẹ̀. Kò sì túmọ̀ sí pé kí a gbàgbé ikùn o. Ẹni tó rìn tó tún jò jèrè lọ́nà méjèèjì.

Ìgbé ayé ìlú ńlá ló ń gba ìrìn lọ́wọ́ èèyàn. Ọkọ̀ gbé e dé ẹnu ọ̀nà, lífìtì gbé e lọ sókè, àga gbà á títí di ìrọ̀lẹ́. Bí ìjókòó bá ti gùn, ẹ̀jẹ̀ inú ẹsẹ̀ á máa wọ́, awọ inú iṣan ibẹ̀ á sì máa kú tipiri láàárín wákàtí díẹ̀. Ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún lóòrèkóòrè ti tó láti jí i. Ìmọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ọdún 2020 ni 150 sí 300 ìṣẹ́jú ìdárayá tó mọ níwọ̀n lọ́sẹ̀, irú èyí tí èèyàn lè máa sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò lè kọrin, pẹ̀lú iṣẹ́ tó ń mú ẹran ara le ní ọjọ́ méjì ó kéré tán. Tẹ́lẹ̀, wọ́n ní èyí tí kò bá tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò sí nínú ìṣirò. Wọ́n ti yọ ìyẹn kúrò, àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́ta náà ti wọ ìṣirò.

Ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ bá tó 180 lórí 110 gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí dókítà kó tó bẹ̀rẹ̀ ìdárayá tó le. Kí ẹni tó ń gbé irin má sé èémí, nítorí ìfúnpá ń fò sókè gan-an lásìkò yẹn. Tí a bá fẹ́ wọn ìfúnpá, kó tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn ìdárayá, ká jókòó jẹ́ẹ́ fún márùn-ún, ká fẹ̀yìn ti àga, ká gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sílẹ̀, kí apá wà ní déédéé àyà, ká má sọ̀rọ̀. Kí ẹni tí apá rẹ̀ tóbi béèrè aṣọ ìwọnpá tó bá a mu, nítorí èyí tó bá kéré máa ń mú nọ́ńbà ga ju bó ṣe rí lọ. Bí nọ́ńbà bá sì ti ń wálẹ̀, dókítà ló ń dín oògùn kù, kì í ṣe aláìsàn. Ẹni tó bá dá ìdárayá dúró yóò rí i pé láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nọ́ńbà náà á tún bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè, kódà bí òṣùwọ̀n bá ṣì wà lójú kan.