Ta ló ń yan ọ̀nà nínú géèmù ìtàn ìfẹ́?

Géèmù tí wọ́n ń pè ní visual novel jẹ́ ìtàn tí ènìyàn ń kà lójú kọ̀ǹpútà tàbí fóònù. Àwòrán àwọn tí ìtàn náà dá lé yóò dúró, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn yóò máa yọ nísàlẹ̀, títí yóò fi kan ibi tí ìtàn yóò ti dákẹ́, tí yóò sì ní kí ẹni tó ń gbá a mú ọ̀kan nínú ìdáhùn méjì tàbí mẹ́ta. Nínú irú èyí tí wọ́n kọ fún àgbàlagbà, tó dá lórí àjọṣe olólùfẹ́, ìdáhùn wọ̀nyí ló ń sọ ẹni tí yóò fẹ́ ẹni. Àríyànjiyàn sì pọ̀ lórí ibi tí agbára òǹkọ̀wé parí sí àti ibi tí ti ẹni tó ń gbá géèmù ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣeé dá láìkọ́kọ́ wo bí wọ́n ṣe ń to irú géèmù bẹ́ẹ̀ pọ̀.

Irinṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò ni Ren'Py, tí Tom Rothamel gbé jáde ní 2004, tí kò sì gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìdajì orúkọ rẹ̀ wá láti inú ren'ai, ọ̀rọ̀ tí àwọn ará Japan ń lò fún ìfẹ́ àárín olólùfẹ́. Ìdajì kejì wá láti inú Python, èdè tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́ lè gbé e sórí láptọ́ọ̀pù rẹ̀, kó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìtàn lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an. Yóò pín ìtàn sí ìsọ̀rí-ìsọ̀rí, yóò sì sọ ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan lórúkọ. Níbi tí ìbéèrè bá wà, yóò to àwọn ìdáhùn, yóò sì kọ sábẹ́ ìkọ̀ọ̀kan wọn ìsọ̀rí tí ìtàn yóò fò sí, tàbí iye máàkì tí kọ̀ǹpútà yóò fi kún èyí tó ń kà nípamọ́. Kọ̀ǹpútà kò mọ ohun tó ń jẹ́ ìfẹ́, máàkì nìkan ló ń kà.

Ohun tó ń dí òǹkọ̀wé lọ́wọ́ ni ìṣirò. Bí ìtàn bá ní ìbéèrè mẹ́jọ, tí ìkọ̀ọ̀kan ní ìdáhùn méjì, tí ọ̀nà kankan kò sì padà pàdé òmíràn, ọ̀nà 256 ni yóò jáde. Iye odù Ifá nìyẹn, ìṣirò kan náà ló sì bí i: ojú mẹ́jọ ni ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní, ìkọ̀ọ̀kan lè ṣí tàbí kó dé. Ìran-ìran àwọn babaláwo ló kó ẹsẹ jọ sínú odù wọ̀nyẹn. Ẹnì kan péré kò lè ṣe irú rẹ̀ lórí láptọ́ọ̀pù. Bí ìbéèrè bá di mẹ́wàá, ọ̀nà á di 1,024. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń jẹ́ kí ọ̀nà yà, kí ó sì tún padà pàdé. Ká ní Kọ́lá, ẹni ọgbọ̀n ọdún láti Ògbómọ̀ṣọ́, nífẹ̀ẹ́ obìnrin kan tó ń ta aṣọ òkè ní ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́. Ì báà ṣe pé wọ́n ní kó lọ sí ọjà lọ́jọ́ Sátidé, ì báà ṣe pé wọ́n ní kó dúró sílé, ibi ìkómọjáde kan náà ni òun àti obìnrin náà yóò ti pàdé lọ́jọ́ Àìkú. Ìyàtọ̀ tó kù ni máàkì tí wọ́n ti kà láìsọ fún ẹni tó yàn.

Inú máàkì yìí gan-an ni èrò òǹkọ̀wé ń gbé. Obìnrin náà ń jẹ́ Fọlákẹ́, ó fi ọdún márùn-ún ju Kọ́lá lọ, ó sì ti bí ọmọ kan. Géèmù wá béèrè bí Kọ́lá yóò ṣe kí i: "Ìyá Dàmọ́lá, ṣé ẹ ti jẹun?", tàbí "Fọlákẹ́, ṣé o ti jẹun?", tàbí kó pè é ní Àbẹ̀kẹ́, tí í ṣe oríkì rẹ̀. Ẹni tí wọ́n tọ́ dàgbà pé a kì í fi "o" bá ẹni tó juni lọ sọ̀rọ̀ yóò mú ti àkọ́kọ́, yóò sì gbà pé òun ti fi ìfẹ́ hàn. Bí òǹkọ̀wé bá ti pinnu pé "ẹ" túmọ̀ sí pé Kọ́lá ṣì ń fà sẹ́yìn, yóò yọ máàkì kan. Ẹlòmíràn yóò pe oríkì ní ọjọ́ kejì tí wọ́n mọra, òǹkọ̀wé sì lè ka ìyẹn sí ìfẹ́ tàbí sí àfojúdi. Ẹni tó ń gbá géèmù ló yan ọ̀rọ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé ló yan ìtumọ̀ rẹ̀, ó sì ti yàn án kí ẹnikẹ́ni tó ṣí géèmù náà rárá. Ibí ni ọ̀pọ̀ ìbínú ti ń wá, nítorí pé ohun tí ẹnì kan fi ọ̀wọ̀ ṣe ni wọ́n kà sí i lọ́rùn bí àìbìkítà. Òǹkọ̀wé tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò jẹ́ kí ojú Fọlákẹ́ sọ ọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: àwòrán rẹ̀ lè rẹ́rìn-ín, ó lè fajú ro díẹ̀, kí ẹni tó ń kà á lè tètè mọ bí wọ́n ṣe ń wọn ọ̀rọ̀ nínú ìtàn náà.

Àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ fi èrò wọn pamọ́. Nínú Fate/stay night, tó jáde ní Japan ní 2004 fún àgbàlagbà, ọ̀nà mẹ́ta ló wà, obìnrin kọ̀ọ̀kan ló sì ni tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà kejì kì í ṣí títí ènìyàn yóò fi parí àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀kẹta. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti fà sí obìnrin kẹta láti ìbẹ̀rẹ̀ yóò ní láti dúró.

Ẹni tó ń gbá géèmù náà ní agbára tirẹ̀. Ó lè fi ibi tó dé pamọ́ kó tó dáhùn, Ren'Py sì fún un láyè láti dá ìtàn padà sẹ́yìn ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, débi pé ó lè dán ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò kó tó mú èyí tó wù ú. Òǹkọ̀wé lè dí àyè yìí pa níbi tó bá fẹ́. Dídí i pa níbi kan ṣoṣo tó ṣe pàtàkì ń mú kí ọ̀rọ̀ wúwo. Dídí i pa níbi gbogbo ń ni ẹni tó ní iṣẹ́ láàárọ̀ lára.

Ibì kan wà tí èrò òǹkọ̀wé kò gbọdọ̀ borí. Bí géèmù bá ní ibi tó ń fi ìbálòpọ̀ hàn, ó yẹ kí ènìyàn lè pa á dé láìpàdánù ìtàn, gẹ́gẹ́ bí Katawa Shoujo, tí wọ́n fi Ren'Py ṣe tó sì jáde ní 2012, ṣe fún àwọn tó ń gbá a láyè. Ibi tó yẹ kí òǹkọ̀wé dúró gbọn-in ni ẹ̀tọ́ Fọlákẹ́ láti kọ̀. Bí obìnrin bá gbọ́dọ̀ gbà nítorí pé máàkì ti pé mẹ́wàá, ọjà tí wọ́n rà ló dà, kò sí àjọṣe níbẹ̀ mọ́. Òǹkọ̀wé lè pinnu pé Fọlákẹ́ kò ní fẹ́ Kọ́lá lọ́nàkọnà. Bí ó bá ti pinnu bẹ́ẹ̀, kò yẹ kó máa béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni bóyá kí wọ́n ṣe ìgbéyàwó, kó wá da ìdáhùn náà nù. Bí yóò ṣe kọ̀ ni kí máàkì yí padà. Fún ẹni tó ti ń pè é ní Ìyá Dàmọ́lá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, yóò ká aṣọ òkè rẹ̀ jọ, yóò ní, "Ẹ má bínú, oníbàárà mi." Fún ẹni tó ti sún mọ́ ọn, ìsọ̀rí mìíràn ni kọ̀ǹpútà yóò fò sí, níbi tí yóò ti jókòó ti Kọ́lá, tí yóò sì pe oríkì rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́: "Má bínú, Àlàbí."