Ọrun Irin fún Àkàtàǹpó: Ohun Tí Iná Ń Ṣe àti Ohun Tí Kò Ṣe

Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe àkàtàǹpó, ìyẹn ọrun tí a dè mọ́ orí igi tí a sì ń yìn bí ìbọn, bíi ti àwọn ará Yúróòpù ọ̀rúndún 15 yóò kọ́kọ́ gbọ́ pé kó lọ wá sípíríǹ pẹlẹbẹ abẹ́ ọkọ̀. Kò burú. Irin tí wọ́n ń pè ní 5160, tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn, dára fún ọrun. Gígé rẹ̀ àti fífá rẹ̀ kò ju iṣẹ́ fáìlì tí wọ́n fi ń fá irin lọ.

Ọ̀rọ̀ tó ń bíni nínú ni èyí tí wọ́n máa ń sọ pé irin tó bá ti rí iná, tí a tì bọ epo, yóò túbọ̀ ṣòro fà. Irọ́ ni. Mú irin pẹlẹbẹ tí wẹ́dà fi ń ṣe géètì, mú sípíríǹ tó bá a dọ́gba ní gígùn, ní fífẹ̀ àti ní nínípọn. Di ìdí àwọn méjèèjì mú, so ẹrù fúyẹ́ kan náà kọ́ orí wọn. Bákan náà ni wọn yóò ṣe tẹ̀. Nínípọn ló ń mú ọrun ṣòro fà: sọ ọ́ di ìlọ́po 2, líle rẹ̀ á di ìlọ́po 8.

Kí wá ni iṣẹ́ iná? Fífa ọrun dà bí owó yíyá. O yá irin lágbára, ó san án fún ọfà. Irin géètì náà ń san gbèsè kékeré, kọ́bọ̀ kan kì í dín. Bí gbèsè bá kọjá ààlà rẹ̀ ni yóò jẹ díẹ̀ mọ́ ọ lọ́wọ́: á tẹ̀, kò ní nà mọ́. Ààlà yìí ni iná ń sún síwájú, èrè ibẹ̀ sì pọ̀: bí ààlà bá di ìlọ́po 4, agbára tí irin lè gbà pamọ́ di ìlọ́po 16. Àmọ́ irin tí a tì bọ epo tán tí a fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ dà bí oníṣòwò tí kì í sọ fẹ́nikẹ́ni pé nǹkan ò rọgbọ. Ọjọ́ tí ẹ máa gbọ́, ìsọ̀ ti wó. Ìdí nìyẹn tí a fi ń dá a padà sínú iná tí kò gbóná tó ti àkọ́kọ́, kí ó lè rọ̀ díẹ̀. Sípíríǹ àlòkù ńkọ́? Gbogbo kòtò ojú títì ló ti yá a lágbára rí, sísán tí ojú kò rí sì lè wà nínú rẹ̀. Tuntun ló dára jù.

Àwọn alágbẹ̀dẹ ìgbà náà kò ní irin tó mọ́ bẹ́ẹ̀. Ìdàrọ́, ìyẹn ìdọ̀tí tó ń kù nínú irin láti ibi tí wọ́n ti yọ́ ọ, máa ń há sínú rẹ̀. Wọ́n wá mú ọrun nípọn, wọ́n sì dín ibi tí okùn ń rìn dé kù. Àkàtàǹpó ńlá lè gba agbára tó tó kìlò 540 kí okùn rẹ̀ tó rìn sẹ̀ǹtímítà 18 péré, nígbà tí okùn ọrun onígi gígùn àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń rìn tó bíi 60. Làálàá ńlá fún ẹni tó ń yí ẹ̀rọ ìfàkùn, ìrìn kúkurú fún ọfà.