Helicobacter pylori àti ọgbẹ́ inú

Helicobacter pylori ni orúkọ bakitéríà kan tó lọ́ bí okùn, tó ń gbé nínú omi yíyọ̀ tó bo ara àpòlúkù èèyàn nínú. Òun ló wà nídìí èyí tó pọ̀ jù nínú ọgbẹ́ inú, tí tọmọdé tàgbà ń pè ní úlsà, yálà ọgbẹ́ náà wà nínú àpòlúkù fúnra rẹ̀ tàbí níbi tí ìfun kékeré ti bẹ̀rẹ̀. Òun náà ló sábà máa ń ṣílẹ̀kùn fún jẹjẹrẹ àpòlúkù. Oníṣègùn méjì ní ilẹ̀ Ọsirélíà, Robin Warren àti Barry Marshall, ló tú àṣírí rẹ̀ nílùú Perth láàárín 1979 sí 1984, wọ́n sì gba Ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní 2005. Wọ́n fojú bù ú pé nǹkan bí ìdajì àwọn èèyàn ayé ló ní kòkòrò yìí nínú, àmọ́ púpọ̀ nínú wọn ni kò ní mọ̀ ọ́n lára títí ọjọ́ ikú wọn.

Kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ásíìdì inú ni wọ́n ń di ẹ̀bi rù. Ní 1910, oníṣẹ́ abẹ kan tó ń jẹ́ Karl Schwarz sọ ọ̀rọ̀ kan tó wá di òfin lẹ́nu àwọn dókítà: níbi tí kò bá sí ásíìdì, ọgbẹ́ kò lè sí. Gbogbo ìtọ́jú wá dá lórí bí ásíìdì yóò ṣe dín kù. Àwọn oníṣẹ́ abẹ ń gé lára àpòlúkù dànù. Láti 1943 ni Lester Dragstedt ní Chicago sì ti ń gé iṣan tó ń ránṣẹ́ sí àpòlúkù pé kó sun ásíìdì. Nígbà tí oògùn cimetidine, iṣẹ́ ọwọ́ James Black àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1976, ọ̀bẹ sinmi díẹ̀, torí pé ọgbẹ́ ń jinná láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Wàhálà ibẹ̀ ni pé bí aláìsàn bá ti ṣíwọ́ oògùn, ọgbẹ́ a tún padà wá. Ẹni tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ti di oníbàárà títí ayé nìyẹn.

Yàtọ̀ sí ásíìdì, àwọn dókítà tún máa ń dá àníyàn àti làálàá lẹ́bi. Lọ́dọ̀ tiwa, ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé ẹni tí kì í jẹun lásìkò ló ń ní úlsà. Ó níbi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wá: bí inú bá ṣófo, ọgbẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ìfun máa ń ta èèyàn gidi, pàápàá lóru, bó bá sì jẹun, ara a tù ú. Àmọ́ ọgbẹ́ tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni ebi ń ta jí, ebi kọ́ ló dá a síbẹ̀.

Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni kò rí kòkòrò náà rí. Giulio Bizzozero ará Ítálì ti rí irú rẹ̀ nínú àpòlúkù ajá ní 1893. Ohun tó bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ ni ìwádìí tí Eddy Palmer ṣe ní Amẹ́ríkà ní 1954. Ó yẹ ẹran àpòlúkù èèyàn 1,180 wò, kò rí nǹkan kan, ó sì sọ pé kòkòrò tí àwọn aráwájú rí, ẹ̀yìn ikú ló wọ inú òkú tí wọ́n yẹ̀ wò. Aró tí kì í jẹ́ kí kòkòrò náà hàn dáadáa ló lò. Ní Gíríìsì, dókítà kan tó ń jẹ́ John Lykoudis ń fi oògùn apakòkòrò wo ọgbẹ́ inú láti 1958. Owó ìtanràn 4,000 drachma ni wọ́n fi san án lẹ́san ní 1968.

Abọ́ tí wọ́n gbàgbé nígbà ọdún Àjíǹde

Ní 11 Oṣù Kẹfà 1979, ọjọ́ tó pé ẹni ọdún 42, Warren wà lẹ́nu iṣẹ́ àyẹ̀wò ẹran ara ní ilé ìwòsàn Royal Perth. Lórí ẹran bíńtín kan tí wọ́n já lára àpòlúkù aláìsàn, ó rí ìlà búlúù tínrín kan. Ó sún awò mọ́ ọn, ó dà bíi pé kòkòrò ló tò síbẹ̀. Ó fi aró fàdákà kùn ún, wọ́n hàn gbangba. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń wá wọn kiri, ó sì rí i pé ibi tí wọ́n bá wà, ara àpòlúkù a máa wú níbẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń bi í pé bó bá jẹ́ òótọ́, kí ló dé tí ẹnì kankan kò fi sọ ọ́ ṣáájú.

Marshall, dókítà ọ̀dọ́ tó ń wá iṣẹ́ ìwádìí ṣe, tọ̀ ọ́ wá ní 1981. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n kó aláìsàn 100 jọ. Wọ́n fẹ́ kí kòkòrò náà hù nínú abọ́ kí wọ́n lè mọ̀ ọ́n dájú, àmọ́ abọ́ 34 ni wọ́n gbé kalẹ̀ tí ohunkóhun kò hù. Ọjọ́ 2 péré ni yàrá àyẹ̀wò máa ń fi sílẹ̀ kí wọ́n tó dà á nù, bí wọ́n ti máa ń ṣe sí ohun tí wọ́n bá nù lọ́fun ẹni tó ń wúkọ́. Ọdún Àjíǹde 1982 wá dé. Ìsinmi bọ́ sí i, abọ́ ti aláìsàn kárùndínlógójì wà nínú àpótí olóoru, kò sẹ́ni tó yà wò ó. Nígbà tí wọ́n ṣí i lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ 5, àwọn ìṣùpọ̀ kòkòrò kéékèèké kan tó mọ́ gaara bí ẹ̀kán omi ti hù sójú rẹ̀. Kòkòrò tí kì í tètè dàgbà ni, òun ni wọ́n sì ti ń dà nù láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nínú àwọn 100 yẹn, ẹni 13 ló ní ọgbẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ìfun, gbogbo wọn ló sì ní kòkòrò náà. Nínú ẹni 22 tó ní ọgbẹ́ àpòlúkù, 18 ló ní in. Lẹ́tà wọn jáde nínú The Lancet, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn, ní 1983, àpilẹ̀kọ kíkún sì tẹ̀ lé e ní 1984. Síbẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn dókítà inú ní Ọsirélíà kò gba ọ̀rọ̀ Marshall síbi ìpàdé wọn ní 1983.

Wọ́n fi kòkòrò náà sí àwọn ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ nínú, kò mú wọn. Ní 1984, Marshall ní kí wọ́n wo inú òun. Àpòlúkù rẹ̀ dá ṣáká. Ló bá po kòkòrò tí wọ́n gbà lára aláìsàn kan mọ́ omi, ó gbé e mu, kò sì sọ fún ìyàwó rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ 5, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bì ní ìdájí, ẹnu rẹ̀ sì ń rùn. Ní ọjọ́ 10, wọ́n tún já ẹran wò, àpòlúkù tó dá ṣáká ti wú. Nǹkan kan wà tí àwọn tó ń pa ìtàn yìí sábà máa ń fò: ọgbẹ́ kò yọ nínú Marshall rárá. Wíwú ló rí, ó sì ti rọlẹ̀ púpọ̀ nígbà tó fi máa di ọjọ́ 14.

Ohun tó tì í lẹ́yìn jù ni ìwádìí tó ṣe pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tó jáde ní 1988. Láàárín ọdún kan, ọgbẹ́ tún yọ lára ìdá 84 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí kòkòrò náà ṣì wà nínú wọn. Lára àwọn tí ó ti kúrò nínú wọn, ìdá 21 péré ni. Ní 1994, ìgbìmọ̀ tí iléeṣẹ́ ìwádìí ìlera ìjọba Amẹ́ríkà pè jọ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa fi oògùn apakòkòrò tọ́jú irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀.

Bó ṣe ń gbé inú, àti ìtọ́jú rẹ̀

Ásíìdì àpòlúkù ń pa ọ̀pọ̀ kòkòrò. H. pylori ní èròjà urease tó fi ń sọ urea, ohun kan tó wà nínú ara, di amóníà, amóníà náà ló ń pa agbára ásíìdì tó yí i ká, òun náà á sì fi ìrù rẹ̀ wẹ̀ wọ abẹ́ omi yíyọ̀ tó dà bí ilá, níbi tí ásíìdì kò ti pọ̀. Èròjà kan náà ló ń tú u fó: aláìsàn á mu urea tí wọ́n ti sàmì sí, á fẹ́ èémí sínú àpò, bí àmì náà bá jáde nínú èémí, kòkòrò wà níbẹ̀. Wọ́n tún lè yẹ ìgbẹ́ wò, tàbí kí wọ́n ki okùn tó ní kámẹ́rà lẹ́nu bọ ọ̀fun. Ìgbà èwe ni wọ́n sábà máa ń kó o, láàárín ará ilé kan náà.

Oògùn tó ń dín ásíìdì kù, bíi omeprazole, ni wọ́n ń lò pọ̀ mọ́ apakòkòrò méjì fún nǹkan bí ọjọ́ 14. Nígbà mìíràn wọ́n a fi bismuth kún un. Clarithromycin, ọ̀kan lára àwọn apakòkòrò náà, kò fi bẹ́ẹ̀ ràn án mọ́ níbi púpọ̀, débi pé Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ orúkọ kòkòrò náà mọ́ àwọn tó nílò oògùn tuntun ní 2017. Ọgbẹ́ tí oògùn ìrora fà, bíi aspirin, ibuprofen àti diclofenac, ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀. Kò ní kòkòrò nínú dandan, ẹni tó bá sì ń gbé oògùn ẹ̀yìn dídùn mì lójoojúmọ́ lè ní in.

Jẹjẹrẹ àti ọ̀nà ọ̀fun

Ní 1994 kan náà ni àjọ ìwádìí jẹjẹrẹ lágbàáyé to H. pylori mọ́ ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ. Irú jẹjẹrẹ àpòlúkù kan tiẹ̀ wà, tí wọ́n ń pè ní MALT lymphoma, tó máa ń lọ lára ọ̀pọ̀ aláìsàn bí wọ́n bá ti fi apakòkòrò lé kòkòrò náà. Láti 2013, ètò ìlera Japan ti ń sanwó ìtọ́jú fún ẹni tí kòkòrò náà mú àpòlúkù rẹ̀ wú, kó tó di pé ọgbẹ́ yọ.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà ọ̀fun kò rí bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀, ásíìdì tó ń rú padà sókè, tó ń mú kí àyà máa ta èèyàn, ni ẹlẹ́bi gan-an. Bí ó bá pẹ́ lára, ara ìsàlẹ̀ ọ̀nà ọ̀fun lè yí padà kó dà bí ti ìfun. Orúkọ Norman Barrett, oníṣẹ́ abẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1950, ni wọ́n fi ń pè é, jẹjẹrẹ sì lè ti ibẹ̀ jáde. Ọ̀pọ̀ ìwádìí fi hàn pé irú jẹjẹrẹ yìí kì í wọ́pọ̀ lára ẹni tó ní H. pylori, ìyẹn ló sì jẹ́ kí àwọn olùwádìí kan, Martin Blaser lára wọn, máa sọ pé kò yẹ kí wọ́n máa lé e kúrò nínú gbogbo èèyàn láìbìkítà.

Kòkòrò náà ti bá èèyàn rìn jìnnà. Ìwádìí àbùdá rẹ̀ tó jáde ní 2007 fi hàn pé inú ikùn àwọn tó kúrò ní Áfíríkà ní nǹkan bí 58,000 ọdún sẹ́yìn ló ti bá wọn lọ. Irú ti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni wọ́n ń bá nínú ọ̀pọ̀ ọmọ adúláwọ̀ ní Amẹ́ríkà, nítorí pé àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú gbé e sọdá òkun. Ní 1992, wọ́n fún ọ̀rọ̀ kan ní orúkọ tó dà bí àlọ́, African enigma, ìyẹn àdììtú Áfíríkà: kòkòrò náà pọ̀ ní Áfíríkà, jẹjẹrẹ àpòlúkù sì kéré lójú ìwé. Àwọn kan ní irú kòkòrò tó wà níbẹ̀ ló rọ̀ díẹ̀. Àwọn mìíràn ní àìsí ẹ̀rọ àyẹ̀wò tó pọ̀ tó ni, pé ohun tí wọn kò wò ni wọn kò rí.