Kẹ́ ẹ tó ra báàgì fẹtiláísà míì, ẹ yẹ ilẹ̀ yín wò ná

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, ẹ kú oko o, ẹ sì kú ìnáwó. Láti Ọ̀dẹ́dá dé Alábàtà, lágbègbè Abẹ́òkúta wa níbí, ohun tí mò ń gbọ́ ṣáá ni pé fẹtiláísà òde òní ò ṣiṣẹ́ mọ́, ayédèrú ni wọ́n ń tà fún wa. Ayédèrú wà lọ́jà lóòótọ́, mi ò ní jiyàn ìyẹn. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó bú ẹni tó tà á fún yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fa igi àgbàdo kan tu pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kẹ́ ẹ gbọn yẹ̀pẹ̀ ara ẹ̀ dànù. Tí gbòǹgbò ẹ̀ bá kúrú, tó ki lẹ́nu, tí ò ní irun wẹ́wẹ́ lára, tí etí ewé ẹ̀ sì ń ní àwọ̀ àlùkò, ó ṣeé ṣe dáadáa kó jẹ́ pé ilẹ̀ yín ló ti kan, ìyẹn ni pé ásíìdì ti pọ̀ jù nínú ẹ̀.

Òjò tiwa yìí pọ̀, ó máa ń fọ kálísíọ̀mù àti magníṣíọ̀mù, àwọn èròjà tí kì í jẹ́ kí ilẹ̀ kan, wọlẹ̀ lọ síbi tí gbòǹgbò ò lè dé, èyí tó kù, ìkórè ọdọọdún ń kó o jáde lóko, yúríà tá à ń dà síbẹ̀ náà tún ń dá kún un, torí bó ṣe ń yí padà di oúnjẹ tí igi lè jẹ nínú ilẹ̀ ló ń mú ilẹ̀ kan sí i. Nọ́ńbà tí wọ́n fi ń mọ bí ilẹ̀ ṣe kan tó ni wọ́n ń pè ní pH, bó bá ṣe kéré sí ni ilẹ̀ ṣe kan sí. Tí pH bá ti wálẹ̀ ju 5.5 lọ, alumíníọ̀mù inú ilẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, òun ló ń pa ẹnu gbòǹgbò. Òun àti irin inú ilẹ̀ ló tún ń di fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, ọ̀kan lára oúnjẹ tí igi nílò, mú. Èyí tẹ́ ẹ fowó yín rà nínú fẹtiláísà NPK 15-15-15 wà níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n bí owó tó wà ní báǹkì tí wọn ò jẹ́ kẹ́ ẹ gbà ló rí. Ẹ má sì fojú kéré nọ́ńbà yẹn, ilẹ̀ tó wà ní 5 kan ju èyí tó wà ní 6 lọ ní ìlọ́po 10. Ẹ̀gẹ́ máa ń fara dà á, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ nínú wa ò fi tètè mọ̀, àgbàdo àti sóyà ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ ké.

Ẹ lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì. Ẹ rìn kọ́lọkọ̀lọ káàkiri oko, ẹ bu ilẹ̀ níbi bíi 15, kó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 15, ẹ pò ó pọ̀ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì oníke tó mọ́, ẹ sá a sí abẹ́ ibòji. Ẹ má bu ibi tẹ́ ẹ ti sun igbó tàbí ibi tẹ́ ẹ gbé báàgì fẹtiláísà kalẹ̀ sí, èsì ẹ̀ á parọ́ fún yín ni. FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà l'Abẹ́òkúta, ò jìnnà sí wa, wọ́n ní ẹ̀ka tó ń kọ́ nípa ilẹ̀, ẹ béèrè níbẹ̀.

Tó bá kan lóòótọ́, láìmù ló kàn, ìyẹn òkúta ẹfun tí wọ́n lọ̀ kúnná. Irú òkúta tí wọ́n ń wà ní Ewékorò fi ṣe sìmẹ́ǹtì náà ni, àmọ́ ẹ má lọ da sìmẹ́ǹtì sóko o! Ẹ fọ́n ọn ní bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin kẹ́ ẹ tó gbìn, kẹ́ ẹ fi ọkọ́ rò ó pọ̀ mọ́ ilẹ̀. Ìwọ̀n tí tẹ́ẹ̀sì bá sọ ni kẹ́ ẹ lò, torí tó bá pọ̀ jù, síńkì á tún wọ́n fún igi, pàápàá lórí ilẹ̀ oníyanrìn.

Ẹni tí ò bá rówó láìmù, eérú igi ńkọ́? Ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí àti ibi tí wọ́n ti ń fi igi ṣe búrẹ́dì, wọ́n ń dà á nù ni. Ó ń dín kíkan kù, pọ́tásíọ̀mù sì wà nínú ẹ̀. Kìkì pé ẹ ò gbọ́dọ̀ da òun àti yúríà pọ̀ lọ́jọ́ kan náà, tẹ́ ẹ bá ti ń gbóòórùn tó ń ta yín nímú yẹn, náítírójìn inú yúríà yín ló ń fò lọ. Ẹ jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ mélòó kan wà láàárín wọn.

Ìgbẹ́ adìyẹ ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ẹ̀, ó ń bọ́ ilẹ̀, ó sì ń rọ kíkan ẹ̀ lójú, àwọn tó ń sin adìyẹ sì pọ̀ káàkiri Abẹ́òkúta. Ẹ má lò ó ní tútù, á jó ohun tẹ́ ẹ gbìn. Ẹ kó o jọ, ẹ wọ́n omi sí i, ẹ bò ó, ẹ máa yí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí ooru ẹ̀ á fi lọ tí ò ní rùn mọ́, ó lè tó oṣù méjì. Báàgì 40 tó jẹ́ kílò 50 dára fún éékà kan. Tí ìyẹn bá ti wọlẹ̀, ẹ lè dín fẹtiláísà kù, ọ̀pọ̀ ló máa ń dín in sí ìdajì, kẹ́ ẹ pín in lẹ́ẹ̀mejì, ẹ fi sí ẹ̀gbẹ́ igi, kẹ́ ẹ sì fi yẹ̀pẹ̀ bò ó.

Lẹ́yìn àgbàdo, ẹ gbin ẹ̀wà tàbí ẹ̀pà síbẹ̀, kẹ́ ẹ fi pòròpórò sílẹ̀ kó jẹrà. Àwọn bàbá wa á ní iná tá à ń sun náà ń fún wa ní eérú, òótọ́ ni, àmọ́ náítírójìn ń bá èéfín lọ. Tó bá sì di ọdún kẹta, ẹ tún bu ilẹ̀ lọ fún tẹ́ẹ̀sì, torí tẹ́ ẹ bá ṣì ń lo yúríà, kíkan yẹn á máa padà bọ̀ díẹ̀díẹ̀.