Pollination: ẹ jẹ́ kọ́mọ fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe é lára elégédé

Tí wọ́n bá kọ pollination sí bọ́ọ̀dù, ọmọ á kàn há a sórí, ìdánwò bá parí, ó ti gbàgbé. Bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ yẹn ò le: òdòdó ní ìyẹ̀fun kan tí wọ́n ń pè ní pollen, ó gbọ́dọ̀ kúrò lára akọ kó dé ara abo kí èso tó lè dúró.

Elégédé ni mo fẹ́ràn jù fún un. Nínú hibiscus, akọ àti abo jọ wà nínú òdòdó kan ṣoṣo ni, àmọ́ ti elégédé yà sọ́tọ̀, ojú ọmọdé á rí i kíá. Ẹ kó wọn lọ sídìí ẹ̀ láàárọ̀ kùtù o, torí ọjọ́ kan péré ni òdòdó yẹn fi ń tanná, tó bá fi máa dọ̀sán ó ti kákò. Ẹ ní kí wọ́n wo ẹ̀yìn ẹ̀: èyí tẹ́sẹ̀ ẹ̀ tín-ín-rín tó gùn gbọọrọ, akọ nìyẹn, èyí tó gbé ọmọ elégédé róbótó bíńtín sẹ́yìn, abo ni. Tó bá jẹ́ akọ nìkan lẹ rí, ẹ ní sùúrù, akọ ló máa ń kọ́kọ́ yọ.

Ẹ já akọ kan, ẹ bó ewé yẹ́lò ara ẹ̀ kúrò, á ku ọ̀pá kan láàárín, kí ọmọ fìka kàn án, ìyẹ̀fun á lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó wúwo, ó tún ń lẹ̀, atẹ́gùn ò lè gbé e, oyin ló ń gbé e: á wọlé wá mu omi dídùn ìsàlẹ̀ òdòdó, ìyẹ̀fun á lẹ̀ mọ́ irun ara ẹ̀, bó ṣe ń fò dé inú abo á fi ra ibẹ̀ láìmọ̀. Kí ọmọ náà fi ọ̀pá yẹn ra àárín òdòdó abo, kó so owú pupa mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Kí abo kejì sì wà tẹ́ ẹ ti fi nẹ́ẹ̀tì wé látìrọ̀lẹ́ àná, kí kòkòrò kankan má ráyè wọ̀ ọ́. Ẹ máa wò ó fọ́sẹ̀ kan, olówùú pupa á máa tóbi, ọmọ ẹ̀yìn èyí tẹ́ ẹ wé á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, á rọ, á já bọ́.

Tóyin bá dé, kí wọ́n dúró jẹ́ẹ́, kí wọ́n má lé e. Ẹ̀yin àgbà náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fín oògùn kòkòrò sí òdòdó tó tanná, ó máa ń dùn mí gan-an, oyin tó ń báni ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ là ń pa yẹn.